Àwọn Òdo Tí Dókítà Fi Pátákò Tẹ̀

Ẹ jẹ́ n yára sọ ọ́ kó tó sá mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí àlá àgbàlagbà kì í pẹ́ lójú: mo lá àlá kan lóru àná, tó jẹ́ pé títí di ìsinsìnyí, àyà mi ṣì ń lù kì-kì-kì.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òní ni mo ń lọ gbọ́ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi. Nǹkan kékeré kan wà nísàlẹ̀ gògóńgò ènìyàn, ó rí bíi labalábá, táírọ́ìdì ni àwọn dókítà ń pè é. Òun ló ń ta ara jí. Tèmi ti ya ọ̀lẹ. Òun ló ń jẹ́ kí n wọ súwẹ́tà nínú oòrùn ọ̀sán, tí mo fi ń sùn lórí ẹ̀gúsí tí mò ń bó, tí ohùn mi dà bíi ti baba arúgbó tó ń fa tábà, tí ìdí mi sì ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba ìjọba. Ti ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má bi mí.

Oògùn táírọ́ìdì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ àádọ́ta ni Dókítà Ọdẹ́tóyìnbó fún mi. Ó ní bí oògùn yẹn bá kéré jù, oorun ni n ó máa sùn kiri. Bó bá sì pọ̀ jù, ọkàn mi á máa sáré. Ọkàn àgbà wo ló tún mọ eré sá? Ẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ fi kún oògùn mi, òun ni mo gbé sùn.

Nínú àlá náà, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, omi mu mí dé orúnkún, ẹja ń kọjá lọ láàárín ẹsẹ̀ mi. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Mo kàn ká ìró mi sókè. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ọ́fíìsì dókítà ń fò bọ̀ lókè, tòun ti fèrèsé, tòun ti kọ́tìnì, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ igi mángòrò. Nọ́ọ̀sì kan yọrí síta.

"Màmá Ògúnṣọlá! Ẹ tètè gòkè, ọ́fíìsì ti fẹ́ lọ!"

"Ṣé kò sí àtẹ̀gùn ni?"

"Àtẹ̀gùn ti lọ jẹun."

Àsìkò oúnjẹ sì ni lóòótọ́. Mo di okùn mú, mo ń gùn ún. Orí mi wọlé, ọmú mi wọlé, ìdí ló kọ̀. Mo há sẹ́nu ọ̀nà, ìdajì mi wà lọ́dọ̀ dókítà, ìdajì wà lọ́dọ̀ ẹyẹ.

"Ẹ mí síta, Màmá!"

Mo mí. Àmọ́ kì í ṣe imú ni mo gbà mí in, atẹ́gùn yẹn gan-an ló sì tì mí wọlé, gbì!

Òṣùwọ̀n ló kọ́kọ́ kí mi. Bí mo ṣe gùn ún ló kérora.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ kí n rí èémí mí."

"Ẹsẹ̀ wo lo fẹ́?"

"Èyí tó bá wúwo jù."

Mo wo méjèèjì títí, n kò mọ èyí tí mo lè fi sílẹ̀ nínú wọn. Ibi tí mo ti ń rò ó ni òṣùwọ̀n ti di àga, mo ti jókòó lé e lórí, Dókítà Ọdẹ́tóyìnbó sì wà níwájú mi. Ẹ̀jẹ̀ mi wà nínú ìgò kékeré lórí tábìlì rẹ̀, ó ń pariwo bí onílé tó ń lé ayálégbé:

"Dìde! Ìwọ ọ̀lẹ yìí, mo ní kí o dìde!"

"Ta ló ń bá wí?" ni mo béèrè.

"Táírọ́ìdì yín ni," Dókítà dáhùn. "Ọpọlọ yín ló ń jí i. Bí kò bá dìde, ọpọlọ á túbọ̀ máa ké sí i. Igbe yẹn la máa ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ sì gbọ́ ọ fúnra yín, kò dín kù rárá sí ti tẹ́lẹ̀. Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Lójoojúmọ́, ọmọ mi. N kò pa ọjọ́ kan jẹ."

"A jẹ́ pé àádọ́ta kò tó nìyẹn."

Bó ṣe mú bírò báyìí, irùngbọ̀n yọ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu, ṣebí ọkùnrin ló ni irùngbọ̀n. Ìwo méjì hù lórí rẹ̀. Mo ní bóyá wọ́n ti fi í jẹ ọ̀gá. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ di pátákò, tí bírò já bọ́, tí òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá, ni mo tó gbà pé dókítà mi ti di òbúkọ.

Kò dá iṣẹ́ dúró. Márùn-ún àti òdo kan ló ti kọ tẹ́lẹ̀, àádọ́ta tèmi nìyẹn. Ó wá fi pátákò tẹ ìwé náà, òdo roboto kan tún jókòó tì í: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Ó tún tẹ̀ ẹ́: ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Bí òdo kọ̀ọ̀kan ṣe ń balẹ̀ ni ọ́fíìsì ń gòkè sí i, ni tábúlẹ́ẹ̀tì orí tábìlì sì ń wú. Ó tó ẹyin. Ó tó ọlọ. Okùn tó so wá mọ́ igi mángòrò já pàú. Mo yọjú lójú fèrèsé, ilé wa kò ju kúlíkúlí lọ nísàlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú. "Ẹ la ẹnu, Màmá. Ẹ gbé e mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ọkàn mi ń ta gìrì bí adìẹ tí wọ́n dè sínú apẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ohun yìí bá fi lè wọ inú mi, eré tí ọkàn mi máa sá, ọ̀run ló máa bá a dé.

Àfi bí tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe bú sẹ́kún.

"Màmá, kí ni mo ṣe fún yín? Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń gbé mi mì, n kò tíì rí ẹ̀jẹ̀ yín wọ̀ bó ṣe yẹ."

"Irọ́ lo pa! Àràárọ̀ ni mò ń lò ọ́, lẹ́yìn tí mo bá ti jẹun yó."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Bí mo bá ṣe ń dé báyìí, ògì á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àkàrà á ti rọ̀gbọ̀kú tì í. Wọ́n á ní, 'Àlejò, kò sáyè níbí, gba ẹ̀yìn.' Ẹ̀yìn náà ni mo sì ń gbà jáde."

"Ṣé kí n wá lo oògùn òyìnbó láìjẹun ni? Kó gé mi nífun? Ìyá tó bí mi ló kọ́ mi pé àlejò ni oògùn, ẹní là ń kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ fún un."

"Orí mi lẹ tẹ́ ẹní ọ̀hún lé!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ṣinṣin. A jẹ́ pé oògùn kò kéré, kò ráyè wọlé ni. Mo yíjú sí Dókítà kí n sọ fún un kó má fi kún un, àmọ́ ohùn mi ti há, èémí lásán ló ń jáde. Òbúkọ ti gbé ẹsẹ̀ sókè láti tẹ òdo mìíràn.

"Ẹ sọ èdè tó máa yé e," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ẹ̀mí dùn, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi Àwẹ̀ró, ìyá ìjọ, tí mo ti ní àrọ́mọdọ́mọ, mo na ọrùn, mo la ẹnu: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Ó yé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lófuurufú.

"Lẹ́yìn oúnjẹ kẹ̀? Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi, Màmá?"

"Bóyá mò ń lò ó lẹ bi mí. Ẹ kò bi mí ìgbà tí mò ń lò ó."

Ó fi pátákò họ irùngbọ̀n. "Ẹjọ́ mi ni, ẹjọ́ yín náà sì ni."

Ló bá dorí kodò, ó ń fi ahọ́n lá àwọn òdo náà kúrò lórí ìwé, bí ewúrẹ́ ṣe ń lá iyọ̀. Ọ́fíìsì ń sọ̀kalẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì ń joro. Mo tiẹ̀ ti ń mí kanlẹ̀. Àmọ́ nǹkan dídùn kì í tán lẹ́nu òbúkọ. Ó lá òdo tó fi pátákò tẹ̀ tán, ó tún sún mọ́ òdo àádọ́ta mi! Bó bá lá ìyẹn, márùn-ún péré ló kù fún mi. Oorun tí n ó sùn, ẹ ò ní lè jí mi.

"Dókítà, ó tó! Ẹ má lá a tán!"

Kò gbọ́. Ahọ́n rẹ̀ ti kan etí òdo náà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá irùngbọ̀n rẹ̀ mú, mò ń fà á, mò ń ké, "Mẹ̀ẹ̀! Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

"Màmá! Ẹ fi irun mi sílẹ̀!"

Mo lajú. Mojírọ́lá ìyàwó ọmọ mi ló bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ìdì irun rẹ̀ kún ọwọ́ mi méjèèjì.

"Ta lẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́ sí láàárọ̀ kùtùkùtù? Ẹ dákun, ẹ dìde, ẹ jẹun kí ẹ lè lo oògùn yín, ká tètè máa lọ. Ògì gbígbóná rèé, àkàrà rèé."

Mo wo tábìlì. Lóòótọ́ ni. Ògì jókòó sínú àwo, àkàrà rọ̀gbọ̀kú tì í.

"Ìyàwó, gbé wọn sún sẹ́yìn. Bu omi fún mi."

"Haà! Oògùn láìjẹun, Màmá? Ó máa gún yín nínú o!"

"Jẹ́ kó gún mi."

Mo fi omi lásán gbé e mì. Bóyá òótọ́ ni tábúlẹ́ẹ̀tì sọ fún mi lójú oorun, bóyá irọ́ ni, Dókítà ni n ó bi lónìí, kó tó fọwọ́ kan bírò rárá. Ìdí tí mo fi jókòó síbí yìí nìyẹn tí mò ń pa àlá fún yín: mò ń dúró kí àlejò ráyè wọlé. Inú mi ń kùn bí ọkọ̀ tó há sínú ẹrẹ̀. Ògì náà ti ń dì lójú. Ó ń wò mí, mò ń wò ó.