Agogo Skelby

Ìdí Enid Sugden há sábẹ́ ibùdókọ̀ Skelby. Orí ti kọjá, èjìká ti kọjá, ikùn pàápàá ti súnra kì kọjá, àfi ìdí tí Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ̀ ló kọ̀ jálẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ tábìlì méjì. Ó wà níbẹ̀ lórí eékún, iná tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ń mi tábìlì tìtì, àwọn èrò kékeré tí a fi igi gbẹ́, tó dúró de ọkọ̀ lórí rẹ̀, sì ń dojú bolẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Clem! Wá fà mí o!"

"Níbo ni kí n ti dì ọ́ mú?" Clem Ogden bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Ibi tó bá wà níta ni kí o dì mú! Àbí ojú ń tì ọ́ ni?"

"Ojú ò tì mí, ọmọge. Ẹ̀yìn tèmi ni mò ń rò."

Ó fà á, ó tún fà á, Enid yọ bí ìgbà tí èèyàn fa iṣu tó ta láàrin òkúta. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń wo ara wọn bí ọmọdé tó jí ẹran jẹ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Clem kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ ojú irin kéékèèké, ó sì mọ bí a ṣe ń fi òjé gbígbóná jó wáyà pọ̀. Ní gbogbo àfonífojì yẹn, òun nìkan ni kò fi Enid ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó gbọ́ pé ìyá arúgbó kan fẹ́ tún ọkọ̀ ojú irin bàbá rẹ̀ ṣe. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wá.

Olùṣọ́ ojú irin ni bàbá Enid ní Harrop láyé ọjọ́sí. Inú àgọ́ onígíláàsì ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa fa ọ̀pá irin láti ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ tàbí láti dí i. Nígbà tí ìjọba ti ojú irin tó lọ láti Harrop dé Skelby pa, tí wọ́n hú irin rẹ̀ kó lọ, ọkùnrin náà kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Igi ló rà. Ó kan tábìlì kún yàrá méjì lókè ilé, ó sì kọ́ gbogbo ọ̀nà náà ní kékeré sórí wọn bó ṣe rí gẹ́lẹ́, títí dórí ewúrẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀. Harrop wà nínú yàrá tó kọjú sí títì, Skelby wà nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn. Ó lu ògiri àárín wọn kí ọkọ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá.

Enid ló fi sí Harrop, ó fi Seth àbúrò rẹ̀ sí Skelby. Wọn kì í rí ara wọn, agogo méjì tí wáyà so pọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ láàrin wọn. Bí Enid bá ní ọkọ̀ tó fẹ́ lọ, yóò lu agogo. Bí Seth bá lù ú padà bákan náà, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Bí Seth bá dákẹ́, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ mira, ì báà jẹ́ ọba ló wà nínú rẹ̀. Bàbá wọn a máa sọ pé bí ikọ́ ni ọwọ́ tí èèyàn fi ń lu agogo rí, kò sí ẹni méjì tó ní irú kan náà. Ọwọ́ ti Seth ni pé kó tó lu èyí tó gbẹ̀yìn, yóò dúró díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò wá sín mọ́.

Seth ò fẹ́yàwó títí tó fi darúgbó. Enid fẹ́ ọkọ, ó sin ín, ó sì padà sílé bàbá rẹ̀, òun àti Seth jọ ń gbé, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó fi ìkòkò tíì sílẹ̀ láìfọ̀. Orúnkún Seth di òṣèlú, kò gba àṣẹ mọ́. Òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Wọ́n da aṣọ bo Harrop àti Skelby. Nígbà òtútù tó kọjá, Seth gbé ikọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, kò gbé e bọ̀. Ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì ni Enid wà, tó gbé aṣọ ìsùn Seth tí òun fúnra rẹ̀ lọ̀ dání, nígbà tí Seth kú. Wọn ò dágbére fún ara wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Enid wá rí i pé ohun tí òun ò lè fara dà ni ìdákẹ́rọ́rọ́. Seth kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n a máa pariwo: a máa wúkọ́, ṣíbí a máa bọ́, ilẹ̀kùn a sì máa gbá lọ́wọ́ rẹ̀. Nísinsìnyí, Enid ń gbọ́ aago ògiri láti ilé ìdáná. Ìdí nìyẹn tó fi gun òkè lọ ṣí aṣọ náà.

Eku ti bímọ sínú ihò ògiri. Irin ti dípẹtà. Enid fi òwú àti ọtí ìfọǹkan nù ún díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ń dán. Ó gé páálí tuntun fún òrùlé tó ti rà. Ewúrẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ ti pàdánù ìwo kan, ó gbẹ́ òmíràn fún un lára igi ìṣáná. Clem tú ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ewé tí bàbá fọwọ́ ṣe, ó fi epo sí i, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan tí òjò ń rọ̀ ni wọ́n fẹ́ dán an wò. Enid jókòó sí Harrop, Clem ni yóò wà ní Skelby.

"Clem, ṣé o ti jókòó?"

Ó dà bíi pé ẹnì kan dáhùn. Ó lu agogo. Láti ẹ̀yìn ògiri, agogo dá a lóhùn. Ó fa ọ̀pá, ọkọ̀ sì gbéra, ó wọ inú ihò lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, agogo Skelby tún dún: ó ti dé láyọ̀.

Enid pàtẹ́wọ́. "Ìwọ ọkùnrin yìí! Ibo lo ti kọ́ ọwọ́ Seth?"

"Kí lo ń wí?" Ohùn Clem wá láti ìsàlẹ̀ ilé. "Gbé ohùn sókè! Ilé ìgbẹ́ ni mo wà!"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti mu tíì rẹ! Kí lo fi sè é?"

Enid kò rẹ́rìn-ín. Clem gòkè wá, ó ń di bẹ́líìtì, ó wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti funfun bí ìyẹ̀fun tí wọn ò tíì pò. Wáyà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí wáyà náà rí jágajàga.

"Enid, agogo yẹn ò ní wáyà. Eku ti jẹ ẹ́ tán. Mi ò rántí sọ fún ọ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ so tuntun. Ọkọ̀ náà sì dúró sí ojú ibi tó yẹ kó dúró. Ẹnì kan fa ọ̀pá lẹ́yìn rẹ̀, ó dí ọ̀nà, bó ṣe yẹ. Ta ni?"

"Má so wáyà kankan," ni Enid wí.

"Enid."

"Mo ní má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ni. Èèyàn kì í wọ àgọ́ olùṣọ́ láìjẹ́ pé ó pè é."

Clem wo ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Ó rọra pa á dé, bí a ṣe ń pa ilẹ̀kùn dé fún ẹni tó ń sùn.

Báyìí ni Enid ṣe rí àbúrò rẹ̀ padà, tàbí ohun tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀. Bó bá ti jí, orí òkè ló ń gbà. Yóò rán ọkọ̀ tó ń kó wàrà àárọ̀, yóò rán ti èrò, yóò rán ti èédú. Yóò tẹ ẹnu mọ́ ihò ògiri, yóò sọ gbogbo òfófó àfonífojì fún Seth: ẹni tó fẹ́ ìyàwó, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kọ̀ ọ́, ẹni tó tò sára níwájú àlùfáà. "Èmi kọ́ o!" a sì rẹ́rìn-ín. "Lọ́tẹ̀ yìí." Agogo nìkan ló ń dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tó ń ti Skelby bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Lákọ̀ọ́kọ́ ó rò pé ọwọ́ òun ni. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹfà, tí gbogbo ayé wọ aṣọ péńpé, ọkọ̀ èrò yọ láti inú ihò, ìrì dídì funfun sì bo orí rẹ̀. Nígbà tó fọwọ́ kàn án, ó ta á bí iná. Òórùn aṣọ òtútù tí òjò pa ń bá a bọ̀. Ìdáhùn agogo náà sì ń falẹ̀. Yóò lù ú, yóò dúró, yóò tún dúró, kí ìdáhùn tó wá, bí ẹni tó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde lórí ibùsùn.

Enid ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Kò lọ ta káàdì mọ́. Tíì àti bisikíìtì ló ń jẹ lórí àga, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù méjì lọ́rùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Ìdí rẹ dà?" Clem bi í ní Ọjọ́bọ̀ kan.

"Ṣé òun lo wá kí ni?"

"Ó wà lára àwọn tí mo wá kí. Ìdí tó há sábẹ́ Skelby nígbà yẹn, ìwọ àti apẹ̀rẹ̀ lè jọ kọjá níbẹ̀ báyìí. Enid, o ti ń gbẹ."

Kó tó fèsì, agogo dún.

Ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn lójúmọ́ ti wọlé, kò yẹ kí agogo kankan dún mọ́. Èyí sì gùn. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún, ó tún dákẹ́, ó dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, ó dúró, bí ẹni tó fẹ́ sín. Enid ká ọwọ́ méjèèjì, ó kì wọ́n bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé wọn.

"Kí nìyẹn?" ni Clem wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan."

"Enid Sugden."

"Agogo ìparí iṣẹ́ ni. Ó ń sọ pé òun fẹ́ ti àgọ́ òun, kí òun máa lọ sílé. Èmi gbọ́dọ̀ lù ú padà kó tó lè lọ. Òfin ni. Bàbá wa jókòó sínú àgọ́ mọ́jú lọ́jọ́ tí màmá ń rọbí Seth, nítorí pé olùṣọ́ Skelby sùn lọ, kò dá a lóhùn. Seth ti ń mu ọmú kí bàbá tó délé."

"Ó sì ti ń lù ú láti ìgbà wo?"

Enid tún fi itan tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Lójoojúmọ́ ló ń bi ọ́, o sì ń jókòó lé ọwọ́?"

"Bó bá lọ, èmi ńkọ́?" Ohùn Enid já. "Ìwọ ní ìyàwó tó ń hanrun. Kí ló wà nílé yìí? Aago ògiri!"

Agogo náà tún dún lẹ́yìn ògiri, ó rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Afẹ́fẹ́ tútù yọ láti inú ihò, ó ṣí ìwé tó wà lórí tábìlì. Clem bọ́ fìlà rẹ̀, ó yí i lọ́wọ́, ó tún dé e.

"Èmi ò mọ nǹkan nípa òkú," ni ó wí. "Bọ́ọ̀sì ni mo mọ̀. Ohun tó burú jù nínú iṣẹ́ wa ni kí àsìkò rẹ tó, kí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ má dé. O ò lè fi èrò sílẹ̀. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́, oúnjẹ rẹ ń tutù nílé, o kàn jókòó síbẹ̀ tí ò ń wo kọ̀rọ̀ títì. Kì í ṣe pé o kórìíra àwọn èrò o, Enid. Ó ti rẹ̀ ọ́ ni." Ó gba ẹnu ọ̀nà lọ. "Mo ń lọ ra ẹja díndín. Wàá jẹun lónìí, bí mo bá tiẹ̀ máa fi ṣíbí fún ọ."

Ó ku Enid nìkan. Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ sún àga mọ́ ògiri láìyọ ọwọ́ lábẹ́ itan, ó gbé ẹnu sí ihò, òtútù náà sì ń gé e létè.

"Seth," ni ó wí. "Mo mú aṣọ ìsùn rẹ dání lọ́jọ́ náà. Mo ti lọ̀ ọ́, títí kan kọ́là. Bọ́ọ̀sì ló pẹ́."

Ó rántí orúnkún Seth, tó fi jẹ́ pé bó bá jókòó pẹ́, àfi kí wọ́n fà á dìde. Àga Skelby kò sì ní tìmùtìmù.

Agogo dún nígbà kẹta. Díẹ̀ ló kù kí ó má gbọ́ ọ. Ó dé ibi tó gbẹ̀yìn, ó dúró, ó dúró, Enid sì rò pé kò ní lè parí rẹ̀. Ó parí rẹ̀.

Enid yọ ọwọ́ jáde. Ọwọ́ náà ti kú tipiri, ó ní láti fi èkejì gbá a mú. Ó lu agogo náà padà, gbogbo rẹ̀, kò fo ọ̀kan, kò fi ọ̀kan kún un, bí bàbá ṣe kọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí àwọn ọ̀pá Skelby ń padà sípò lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ́, kọ́, kọ́, tí gbogbo ọ̀nà ń dí. Àga fà lórí pákó. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ṣí. Ẹsẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, èkejì wọ́ tẹ̀ lé e, bí orúnkún tó ń dunni ṣe ń rìn. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí Enid wà, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Irun ọrùn Enid dìde.

Kò yíjú. Ó mọ ara rẹ̀. Bó bá yíjú, yóò rí nǹkan kan bá a jà lé lórí, bí bàtà ìdọ̀tí lórí kápẹ́ẹ̀tì, ìjà náà yóò sì dá ọkùnrin náà dúró. Ó tẹjú mọ́ ewúrẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀. Omi bo ojú rẹ̀ títí ewúrẹ́ náà fi di méjì.

Ẹsẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ilẹ̀kùn ìta gbá.

Nígbà tí Clem wọlé, ó bá Enid nínú ilé ìdáná, ó ti gbé àwo sílẹ̀. Orí pípá Clem ń kán fún omi òjò, fìlà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo fi fìlà ṣe tí òjò ń pa ọ́?"

"Èmi náà ò mọ̀." Clem wo fìlà náà bí ẹni tó rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn. "Mo dé ẹnu géètì, mo kàn rí i pé mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ kọjá lójú ọ̀nà tóóró. Kò sí ẹnì kankan o. Mo wo ọwọ́ mi, mo ti ṣí fìlà."

"Ṣé ó kí ọ?"

"Ta ni?"

"Kì í kí èèyàn tẹ́lẹ̀ náà," ni Enid wí. Ó tú ìwé tí wọ́n fi di ẹja náà, ooru rẹ̀ lù ú lójú. Ó jẹ ẹja tirẹ̀ tán, ó fi iyọ̀ sí ọ̀dùnkún díndín, ó jẹ ìyẹn náà. Clem ń wò ó. Lẹ́ẹ̀kan, Enid dáwọ́ dúró pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu, ó gbé ojú sókè sí àjà.

Òkè dákẹ́ rọ́rọ́. Ó tẹ́tí sí i títí, ó gbé òkèlè náà mì, ó sì nawọ́ sí ẹja Clem.