Táyà Ẹni Méjì

Bí télọ̀ ilé ìwòsàn ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀. Dípò kó ju ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, iwájú ló gbé ẹsẹ̀ gbà, lórí irin, pẹ̀lú ìṣọ́ra, bí ẹni pé èèyàn jókòó sórí káríà lẹ́yìn rẹ̀. Káríà ọ̀hún sì rèé, òfìfo ni.

Ọ̀dọ́bìnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ rí i. Ó dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tẹ̀yìn. Ó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń tẹ̀ sósì bí ọ̀mùtí. Mẹ́ta nínú sípóòkù, àwọn irin tín-ín-rín inú rẹ̀, ti já, ìpẹtà ti jẹ ríìmù, táyà sì ti jẹ débi pé òwú inú rẹ̀ ti yọ síta.

"Bàbá, eléyìí kúrò ní àtúnṣe, ìsìnkú ló kù. Ẹsẹ̀ méjèèjì, táyà méjèèjì, ẹ máa pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ ni. Ti ẹ̀yìn yìí, ẹni mélòó ló máa ń gbé?"

"Ẹni méjì," ni télọ̀ dáhùn, kò tiẹ̀ rò ó. "Èmi àti ìyàwó mi."

Irọ́ kọ́ ló pa, àmọ́ òótọ́ tó sọ yẹn ti gbó ju táyà lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi gbé ìyàwó rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́: òun á máa rán aṣọ ibùsùn, ìyàwó á máa fọ̀ ọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin wọn bímọ nílùú tó jìnnà, ìyàwó ní òun ń lọ bá a tọ́jú ọmọ fún oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta ọ̀hún ti di ọdún méjì. Ilé dá páropáro, télọ̀ kò sì béèrè rí pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Ẹ̀rù èsì ló ń bà á. Ó ṣáà rò pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò bá béèrè, kò sẹ́ni tó máa fèsì sí i.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ẹsẹ̀ tuntun ti wà nídìí kẹ̀kẹ́. Mẹkáníìkì nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ó ku nǹkan kan. Ẹ lọ mú Màmá wá, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó lé e, kí n tó fún sípóòkù pa. Mi ò kì í fi ojú díwọ̀n ẹrù. Tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀la lẹ máa wá bú mi níbí."

Télọ̀ ní òun ń bọ̀, ó yà sẹ́yìn ògiri, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi, mẹkáníìkì ní kí o máa bọ̀ o. Ó ní tí ìdí ẹ ò bá kan káríà, iṣẹ́ òun ò tíì parí."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Bàbá yìí ò ní pa mí!" Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán. Télọ̀ gbọ́ ohùn ọmọdé tó ń pe ìyá àgbà rẹ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

"Bàbá ọmọ mi," ni ìyàwó wí, jẹ́jẹ́, "ẹ ní kó ṣe é fún ẹnì kan."

"Títí dìgbà wo?" Ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé mì láti ọdún méjì ti jáde.

"Ibí ti mọ́ mi lára. Ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní padà wá gbé níbẹ̀ mọ́."

"Ó dáa," ni télọ̀ wí. "Bá mi kí ọmọ."

Ó ki fóònù bọ àpò, ó padà. Ó dùn ún wọra.

"Ẹnì kan ni," ló sọ fún mẹkáníìkì.

Ọ̀dọ́bìnrin náà wo ojú rẹ̀. "Ẹ jókòó nígbà yẹn, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan." Ó kúnlẹ̀, ó ń fún sípóòkù pa lọ́kọ̀ọ̀kan, télọ̀ sì jókòó jẹ́ẹ́ lókè bí ọmọ tí wọ́n ń gé irun fún.

Nígbà tó parí, télọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó wo táyà tuntun, ó dúpẹ́. Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó gbé ẹsẹ̀ síwájú lórí irin bó ṣe máa ń ṣe. Ẹsẹ̀ náà dúró lókè. Ó gbé e sílẹ̀. Ó wá ju ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí gbogbo ayé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lórí káríà, kò sì kan ẹnì kankan.