Ihò Kan Ṣoṣo Tó Kù

Ẹni tó bá rí Fúnṣọ́ ní báńkì lọ́jọ́ Sátidé ní Rosenberg ní Texas yóò rò pé ó ní ṣọ́ọ̀bù. Níkẹ́lì ló máa ń gbà, owó ẹyọ sẹ́ńtì márùn-ún, tí wọ́n fi bébà dì ní ogójì ogójì. Ẹnjiníà ni o, ọ́fíìsì kan ní Uptown ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ohun tó fẹ́ fi owó ẹyọ rà. Yóò gbé e délé, yóò tú ìdì kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì ìjẹun, yóò máa yẹ ọdún ara wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá parí, yóò kó o lọ fún báńkì mìíràn. Wùmí ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́ títí, ọ̀rọ̀ náà ti sú u.

"Honey, àwọn ọkọ ẹlòmíràn ń wo football o," ni Wùmí máa ń wí.

Ká sòótọ́, kì í ṣe fún ara rẹ̀ ló ń wá a. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Christopher, aládùúgbò wọn, ló ń bá wá a. Ará Texas pọ́ńbélé ni, òun ló sì kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wọn láti kí wọn káàbọ̀ nígbà tí wọ́n kó dé. Láti kékeré ni òun àti bàbá tó bí i ti ń to níkẹ́lì àtijọ́ sínú ìwé páálí kan tó ní ihò róbótó róbótó, owó kan sí ihò kan. Bàbá rẹ̀ kú, ó ń bá a lọ. Níkẹyìn, ó ku ihò kan ṣoṣo, ti ọdún 1950 tí wọ́n kọ D kékeré, àmì ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, sí lẹ́yìn. Ṣé kò lè rà á ni? Ó lè rà á, kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ. Ṣùgbọ́n àdéhùn òun àti bàbá rẹ̀ ni pé inú ìdì báńkì ni gbogbo rẹ̀ yóò ti jáde, kò sì sí bí èèyàn ṣe ń bá òkú yí àdéhùn padà.

Àfi bí ojú Bàbá Christopher ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Nígbà tí kò lè ka ọdún ara owó mọ́, Fúnṣọ́ gba iṣẹ́ náà ṣe. Dókítà ti wá sọ pé ìwọ̀nba ìríran tó kù kò ní í pẹ́ lọ, Alice ọmọ rẹ̀ obìnrin yóò sì mú un lọ sí ilé tirẹ̀ ní The Woodlands lọ́jọ́ Sunday. Ohun tí Fúnṣọ́ fẹ́ kò ju pé kí ó fojú ara rẹ̀ rí ìwé náà ní kíkún kí ojú náà tó lọ.

Lọ́jọ́ Friday ló rí i. Owó náà dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n 1950 ni, D sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Fúnṣọ́ pariwo débi pé ọmọ tuntun tí Wùmí bí jí lójú oorun. Ó gbé e sínú àwo pẹlẹbẹ, ó fi ife dé e.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ọ fún mi. Bàbá Christopher ni mo fẹ́ fún lọ́la."

Ìyá rẹ̀, Màmá Àbẹ̀ní, ti wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó láti oṣù méjì sẹ́yìn, láti wá máa wẹ ọmọ. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, obì lásán tí wọn yóò gbé fún àgbà, wọn yóò kọ́kọ́ ṣàn án ni. Lọ́jọ́ kejì, Fúnṣọ́ jáde lọ ra pampers. Màmá ṣí ife, ó wo ohun dúdú tó wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbin rèé! Kí ọmọ mi gbé èyí fún àgbàlagbà?"

Ó bu iyọ̀, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó mú kànìnkànìn tó gbé wá láti ilé, ó sì gbo owó náà bí ẹni gbo ìdí ìkòkò. Orí burúkú ò gbọ́ṣẹ, ṣùgbọ́n níkẹ́lì yìí gbọ́ ọ dáadáa.

Nígbà tí Fúnṣọ́ wọlé, ìyá rẹ̀ gbé e fún un lórí ìnura funfun. "Wò ó, ọkọ mi. Ó ń dán!"

Fúnṣọ́ gbé e sójú iná wò. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ kì í fọ̀ ọ́ láéláé. Àwọ̀ tí ọjọ́ fi sí i lára ni ẹwà rẹ̀, bó bá sì ti ṣí, kì í padà. Ojú owó náà ti kún fún àpá kànìnkànìn. Bí kì í bá ṣe ìyá rẹ̀ ni, ilé ìbá gbóná. Ó jókòó, ó sì ṣàlàyé fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Màmá tún ìró rẹ̀ ró.

"Mú mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi ni mo ṣẹ̀, èmi ni n ó bẹ̀ wọ́n."

"Màámi, there's no need. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí."

"Ṣé wọn kì í ṣẹ̀ níbí ni?"

Páálí ìkẹ́rù ti kún pálọ̀ Bàbá Christopher, Alice sì ń fi téèpù lẹ̀ wọ́n. Màmá kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú àga bàbá. Ẹ̀rù ba bàbá, ó ń bèèrè bóyá obìnrin náà ṣubú ni. Fúnṣọ́ túmọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà, ó sì gbé owó náà lé e lọ́wọ́.

Bàbá fi àtàǹpàkò ra á. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, kò sì fi pa mọ́.

"Wọ́n ti fọ̀ ọ́," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sir. I'm so sorry."

Bàbá ní kí Alice gbé ìwé náà wá. Ìka rẹ̀ ń wá ihò náà kiri, kò rí i. Màmá, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì gbé e síbi tó yẹ. Bàbá tẹ owó náà wọlé.

Ó gbé ìwé náà sókè sí ojú fèrèsé, bó ṣe máa ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó oṣù mélòó kan tí gbogbo níkẹ́lì tó dúdú wọ̀nyẹn ti di òkùnkùn kan náà lójú rẹ̀. Ó ń gbé orí lọ, ó ń gbé e bọ̀. Lójijì ó dúró.

"Ọ̀kan ń tàn níbẹ̀," ló wí. "Ṣé òun ni?"

"Òun ni, sir."

Bàbá gbé ìka lé e lẹ́ẹ̀kan náà, kò ṣì í. Ó rọra sọ gbólóhùn kan, ó ń bá bàbá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ̀rọ̀. Omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Màmá fa Fúnṣọ́ ní ṣòkòtò. "Kí ni wọ́n wí? Ṣé wọ́n ti dárí jì mí?"

Fúnṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀.

"Wọ́n sọ fún bàbá wọn pé àwọn rí i, Màámi."

Ìgbà náà ni Màmá tó dìde.