Omi Orí Páànù

"Bàbá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, orí ni mò ń fá. N kì í wẹ̀ fún èèyàn."

Onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ìnura lọ́rùn. Omi òrùlé ti tún dà sí oníbàárà rẹ̀ lórí.

"Má bínú. Ooru ni mò ń bá jà."

"Ẹ bá a jà, bàbá. Ẹ ṣáà má rì wá."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ kó jókòó, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Yàrá òkè, lábẹ́ páànù gan-an, ni bàbá ń gbé, òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kí ọmọbìnrin rẹ̀ tó bá iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, ó tẹ́ àpò ìdọ̀họ sórí òrùlé, ó na rọ́bà oníhò wẹ́wẹ́ láti ẹnu ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀ lé wọn, ó ní: "Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣí i o. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn rí i mu." Bàbá gbọ́, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni òtútù yóò ṣe pọ̀ tó. Ó ṣí i dópin. Omi ń ṣàn wàà, ooru sì jókòó tì í bí àlejò tí kò mọ̀nà ilé. Ojoojúmọ́ lọmọ ń pè láti béèrè. Lánàá ló ní bí kò bá tíì tutù, òun á wá wò ó ní Sátidé. Láti ìgbà náà ni ife méjì ti wà lórí tábìlì, ní fífọ̀, ní dídojúdé.

Nísàlẹ̀, onígbàjámọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ dín omi náà kù lẹ́nu ẹ̀rọ títí ó fi ń kán tó, tó, tó. Àwọn àpò ò rin gbindin mọ́, wọ́n kàn tutù. Atẹ́gùn ọ̀sán fẹ́ gba orí wọn kọjá. Bàbá ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tó ṣàkíyèsí pé òógùn ti gbẹ lẹ́yìn òun. Ó gbé ọwọ́ sókè sí àjà. Àjà ti tutù.

Inú rẹ̀ ò dùn.

Fóònù dún.

"Ẹ kú ọ̀sán, bàbá mi. Ṣé ó ti tutù?"

Bàbá wo ife méjèèjì. Irọ́ pé kò tíì tutù ti dé ètè rẹ̀.

"Ó ti tutù."

"Ẹ ṣeun o! Ọkàn mi balẹ̀ wàyí. Ẹ jẹ́ n kúkú fi Sátidé ṣe iṣẹ́ tó wọ̀ mí lọ́rùn."

"Kò burú."

Ọmọ kò pa fóònù. Bàbá náà kò pa á.

"Ọmọ mi, yàrá ti tutù. Máa bọ̀ bẹ́ẹ̀ náà."

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan," ni bàbá wí. "Kò sì séèyàn."