Àbùlẹ̀ Èjìká Òsì

Àwọn olùdarí fíìmù yìí, Ọlọ́run ló mọ ohun tí wọ́n ń rò! Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, Ìyá Abẹ́rẹ́ jókòó sídìí maṣíìnì rẹ̀, ìborùn pupa lórí itan, inú ń bí i burúkú. Òun ló ń rán aṣọ fáwọn òṣèré ilé iṣẹ́ fíìmù kan. Fíìmù tí wọ́n ń yà ni ti Ará-Òrùlé, akọni inú ìwé àwòrán tó máa ń fò láti orí òrùlé kan sí òmíràn láti gba àwọn èèyàn sílẹ̀.

Ìborùn Ará-Òrùlé ní àbùlẹ̀ búlúù kan léjìká òsì. Nígbà tí Ìyá Abẹ́rẹ́ wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, yúnífọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló ní, àbùlẹ̀ sì wà lára ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilé ìwé fi sú u. Ọjọ́ tó rí akọni tó wọ àbùlẹ̀ bíi tirẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún un, ọjọ́ yẹn ló gbórí sókè. Ẹ wá wò ó, kẹ́nì kan ní kó tú u dànù!

Olùdarí wọlé, ó di ìwé méjì mú. "Màmá, mo ní kẹ́ ẹ yọ ọ́. Akọni tó ń fò, kò rí aṣọ tuntun wọ̀ ni?"

"Ọ̀gá, bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn."

"Ìwé wo?" Ó ṣí méjèèjì síwájú rẹ̀. "Ìwé kìíní, èjìká òsì. Ìwé kẹta, èjìká ọ̀tún. Ìwé yín fúnra rẹ̀ ò mọbi tí àbùlẹ̀ wà, ẹ wá ń bá mi jà lé e lórí!"

Ìyá Abẹ́rẹ́ fa ìborùn náà mọ́ra. "Bàbá tó ya ìwé yẹn ń bọ̀ lónìí. Tí wọ́n bá ní àbùlẹ̀ yẹn ò nítumọ̀, ọwọ́ ara mi ni màá fi tú u." Ẹ ò rí i pé ó ti fẹnu kó bá ara rẹ̀.

Ọ̀sán ni bàbá dé, tòun ti ọ̀pá àti àpò awọ tó ti gbó. Wọ́n gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé pákó tí wọ́n kàn fún fíìmù. Olùdarí ro ẹjọ́.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Mo gbàgbé ni jàre. Atẹ̀wé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo mọ́ mi, mo bá sáré yà á sí èjìká kejì. Àṣìṣe ni."

"Màmá, ẹ gbọ́ àbí?" Olùdarí na sísọ́ọ̀sì sí i.

Ó dun Ìyá Abẹ́rẹ́ wọ eegun. Ó gba sísọ́ọ̀sì, ó sì ti já òwú méjì kí bàbá tó tún sọ̀rọ̀.

"Ẹ rọra ná, mi ò tíì parí. Lẹ́tà rọ́ dé lẹ́yìn ìwé yẹn, èébú ṣáá ni. Ẹyọ kan ló yàtọ̀. Pẹ́ńsù ni ọmọ náà fi kọ ọ́: 'Bàbá, ẹ ò ṣàṣìṣe o. Ará-Òrùlé yí aṣọ ẹ̀ sódì ni, inú bọ́ sóde, torí àbùlẹ̀ ń tì í lójú. Téèyàn bá yí i sódì, ti òsì á bọ́ sí ọ̀tún. Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí n tó dé ilé ìwé.'"

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Abẹ́rẹ́.

"Mo sunkún," bàbá ní. "Mo ya ìwé karùn-ún nítorí ọmọ yẹn, àmọ́ ilé ìtẹ̀wé ti kógbá wọlé, ẹnikẹ́ni ò rí i." Ó fa àwòrán kan yọ nínú àpò. Ará-Òrùlé ṣubú, ó dìde, ó bọ́ ìborùn rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó yí i padà bó ṣe yẹ, àbùlẹ̀ sì padà sí èjìká òsì.

"Bàbá," Ìyá Abẹ́rẹ́ ní, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀, "ẹ ò fèsì lẹ́tà mi."

Bàbá wò ó títí. Ó na àwòrán náà sí i. "Èsì rẹ rèé, ọmọ mi. Má bínú pé ó pẹ́."

Olùdarí họrí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì nílẹ̀, ó sì fi í sápò ara rẹ̀. "Màmá, ẹ dákun, ẹ rán ibi tẹ́ ẹ já padà. Kó dáa nínú, kó dáa lóde, torí òṣèré máa yí i lójú kámẹ́rà."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò sì rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Olùdarí ló bá a ki òwú bọ̀ ọ́.