Ẹ̀rọ Tẹ́tẹ́ Tó Mọ Oríkì Mi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo lálàá pé èmi àti Kúnlé ń rìnrìn àjò, awakọ̀ wa sì ní ká sinmi ọjọ́ kan ní ìlú onítẹ́tẹ́ kan, níbi tí iná aláràbarà ti ń tàn lọ́sàn-án gangan. Àwọn ará ibẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí wa ju bó ṣe yẹ lọ, ara sì fu mí. Bí a ṣe wọ ilé tẹ́tẹ́ kan, ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kan kúnlẹ̀, ó fi ohùn ìyá àgbà wa tó ti kú sọ pé, "Àjàní ọkọ mi, káàbọ̀."

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi ní, "Dá a lóhùn, ìwọ ojo yìí, kó lè jẹ́ ká jẹ tẹ́tẹ́."

Mo kàwé gboyè lóòótọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé a kì í jẹ́ ìpè òkú. Ẹ̀rù ń bà mí, àárò ìyá àgbà sì tún ń sọ mí. Ẹ̀rọ náà tún pè mí. Mo lanu láti dá a lóhùn, ni ẹ fọwọ́ tọ́ mi, tí mo fi jí.