Àga Kùránì Mùsítúrà

Ọjọ́ kẹta rèé tí maṣíìnì Lùkúmọ̀n ti ń fi Ṣàkírát, ìyàwó rẹ̀, ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gé pákó ni, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Lùkúmọ̀n fúnra rẹ̀ ló ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan l'Álábà, tó sì tò ó pọ̀ sí pálọ̀ wọn ní Ìba, títí àlejò ò fi ríbi jókòó mọ́. Bí Ṣàkírát bá wá ní kó gé fáìlì, ìyẹn àwòrán iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, tí Lùkúmọ̀n ya kẹ́yìn, á gé ìlà kan péré, á gbé orí sókè, á sì dúró gbagidi.

Fáìlì àga kékeré tí wọ́n ń gbé Kùránì lé ni. Lùkúmọ̀n ti ṣèlérí rẹ̀ fún Mùsítúrà, ọmọ wọn, fún ọjọ́ wòlímọ̀ rẹ̀, ìyẹn àjọyọ̀ pé ó ti ka Kùránì tán, orúkọ ọmọ á sì wà lára rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wòlímọ̀ náà. Lùkúmọ̀n ti kú láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ṣàkírát alára ń ṣe opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ kò tíì pé, kò lè bá ọmọ lọ sílé-kéwú. Àga yẹn nìkan ló kù tí ọmọ lè gbé dání kí ayé mọ̀ pé ó ní bàbá, ó sì ní ìyá.

Saheed, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe ní Okokomáìkò, ló wá wò ó. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára rẹ̀. Ó pa láptọ́ọ̀pù, ó tún un tàn. Maṣíìnì gé ìlà kan, ó dúró.

"Ìyàwó wa, fáìlì yìí ló bàjẹ́. Jẹ́ kí n pa á rẹ́, ká ní kí wọ́n ya òmíràn fún wa l'Álábà."

"Bọ̀dá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín ni."

Àánú rẹ̀ ṣe Saheed. Ó ṣí fáìlì náà, ó ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà lásán ló kún ibẹ̀. Lójijì, ó na ìka sí ìlà kan.

"Orúkọ rẹ wà níbí. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sáàárín nọ́ńbà: 'Pe Ṣàkírát.' Ìlà tó tẹ̀lé e ló ní kí maṣíìnì dúró títí ẹnì kan á fi tẹ bọ́tìnnì. Kò bàjẹ́ o. Wọ́n ní kó dúró ni."

Ṣàkírát jókòó. Irin tó ń di ìdí pákó mú ti ṣẹ́ láti ìgbà ààwẹ̀, Lùkúmọ̀n ahun ò sì ra òmíràn. Ó ní ọwọ́ ìyàwó òun dáa ju irin lọ. Bí iṣẹ́ bá ti débẹ̀, á pè é ní kíṣìnì, Ṣàkírát á wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdí pákó mọ́lẹ̀, Lùkúmọ̀n á tẹ bọ́tìnnì. Ṣàkírát ò mọ̀ pé maṣíìnì ló ń dúró dè é. Ó rò pé ọkọ rẹ̀ ló ń dá maṣíìnì dúró. Gbogbo ìgbà ló sì máa ń kùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gé àga yìí, ẹja ni Ṣàkírát ń dín nígbà tí ọkọ rẹ̀ pè é. "Mò ń bọ̀!" ló fi dá a lóhùn, kò sì lọ. Lùkúmọ̀n dúró títí, ó sú u, ó pa maṣíìnì, ó bọ́ síta lọ ra ìṣó tó máa fi kan pákó mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ gbá a pa ní títì. "Mò ń bọ̀" yẹn ni ọ̀rọ̀ tí Ṣàkírát bá a sọ kẹ́yìn láyé, ó sì ń dùn ún dé egungun.

Ó dìde, ó tẹ ìdí pákó mọ́lẹ̀. Saheed tẹ bọ́tìnnì. Maṣíìnì gé gbogbo rẹ̀, títí dórí orúkọ ọmọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Mùsítúrà gbé àga rẹ̀ mọ́yà, ó tẹ̀lé Saheed lọ. Ilé pa rọ́rọ́. Ṣàkírát gbé pákó mìíràn sórí maṣíìnì, ó ní kó gé fáìlì náà. Maṣíìnì gé ìlà kan, ó gbé orí sókè, ó dúró. Ṣàkírát lọ sí ìdí pákó, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó gbójú sókè wo ibi tí bọ́tìnnì wà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Bàbá Mùsítúrà," ó ní, "mo ti dé."